Ẹ̀ṣọ́ Abẹ́ Awọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Sẹ́ẹ̀lì Másìtì, Ara Yíyún àti Ikọ́ Fée



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀ lára. Sẹ́ẹ̀lì másìtì ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀fọn bá jẹ yín, tí ibẹ̀ wú, tí ó sì ń yún yín, òun ni. Bí ẹnì kan bá jẹ edé tí ètè rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta, òun ni. Imú tí ń dà nígbà tí a bá ń gbọn ẹní àtijọ́, ojú tí ń yún, ikọ́ fée tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú gbogbo wọn. Òun kan náà sì wà lára àwọn tí ń gba ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn, aràn àti oró.

Ìdí tí a fi yan ẹ̀kọ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá àìsàn wọ̀nyí gbé láìmọ ibi tí ó ti ń wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kú ikú tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ìbá dá dúró, tí a ó wá máa gbọ́ pé wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀ ni, tàbí pé ayé ló ṣe é. Wọ́n á na ìka sí ìyàwó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ilé á dàrú, bẹ́ẹ̀ edé lásán ni olóògbé jẹ.

Kí ni álẹ́jì?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé, "Ara mi kò gba ẹyin," tàbí pé, "Edé kò bá mi lára mu." Ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Edé kì í ṣe májèlé. Ìdílé kan lè jókòó ti àwo kan náà, kí ènìyàn mẹ́fà jẹun yó, kí ẹnì keje bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Wàhálà náà kò sí nínú àwo, inú ara ẹnì keje ló wà. Ara rẹ̀ ti ka àlejò sí ọ̀tá. Ní ọdún 1906 ni oníṣègùn ọmọdé kan ní ìlú Vienna, Clemens von Pirquet, dá ọ̀rọ̀ náà "álẹ́jì" sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún náà ni ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Inú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èdè Lárúbáwá yóò dùn láti gbọ́ pé Abu Bakr ar-Razi, oníṣègùn ará ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà, tí ó ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Baghdad, ti kọ ìwé pélébé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bíi 1,100 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ó gbé yẹ̀ wò nínú rẹ̀ ni ìdí tí ọ̀fìnkìn fi ń yọ onímọ̀ kan, Abu Zayd al-Balkhi, lẹ́nu nígbàkígbà tí òdòdó róòsì bá tanná. Ọkùnrin kan, òdòdó kan, àkókò kan lọ́dún. Ar-Razi kò ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ojú inú àti sùúrù ló ní. Àwọn oníṣègùn òde òní ka ìwé náà mọ́ àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ lórí irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan àti aró

Ẹni tó sọ sẹ́ẹ̀lì yìí lórúkọ jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiyín. Paul Ehrlich, ará Jámánì, kò ju ọmọ ọdún 24 lọ ní 1878 nígbà tí ó kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìlú Leipzig. Iṣẹ́ aláró ló ń ṣe, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àfi pé kì í ṣe aṣọ ni ó ń rẹ. Ní ìgbà náà, àwọn oníkẹ́míkà Jámánì ń fi ọ̀dà tó ń jáde lára èédú ilẹ̀ ṣe aró tuntun tí wọ́n ń pè ní aró anilíìnì. Ehrlich mú àwọn aró yìí, ó ń rẹ ẹran ara pẹlẹbẹ sínú wọn, ó sì ń wo ohun tí yóò gba aró àti ohun tí kò ní gbà á.

Ẹ jẹ́ kí á yà bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa. An-nīl ni àwọn Lárúbáwá ń pe èlú, ewé tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ń gún fi ṣe aró àdìrẹ. Àwọn Potogí gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n pè é ní anil. Nígbà tí onímọ̀ kan sì rí òróró kan gbà jáde lára èlú ní 1840, orúkọ yìí ni ó fi sọ ọ́ ní anilíìnì. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé èdè Lárúbáwá kò kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ bi í léèrè ibi tí aró Ehrlich ti gba orúkọ.

Ohun tí Ehrlich rí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹran ara tí inú wọn kún fún hóró wẹ́wẹ́, àti pé bí a bá fi aró búlúù kàn wọ́n, àwọn hóró náà kì í pa búlúù. Àwọ̀ àlùkò ni wọ́n máa ń pa. Ó rò pé sẹ́ẹ̀lì náà ti jẹun yó ni, bí àgbò tí a so mọ́lẹ̀ tí a ń bọ́ sanra de ọdún Iléyá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì sì ń lò fún bíbọ́ ẹran kí ó sanra ni "Mast". Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn. Oyè Nobel tí ó gbà ní 1908 jẹ́ ti iṣẹ́ rẹ̀ lórí agbára tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ títí ó fi kú iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì másìtì ń ṣe.

Ohun tó wà nínú àwọn hóró náà kì í ṣe oúnjẹ. Ohun ìjà ni. Ní 1953, James Riley àti Geoffrey West ní ìlú Dundee ní Scotland fi hàn pé ibẹ̀ ni ara ń kó èròjà kan tí ń jẹ́ hísítámììnì pamọ́ sí. Àwọn èròjà mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lára wọn ni hẹpárììnì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti àwọn tí ń gé ẹran ara àti oró wẹ́wẹ́ bí ọ̀bẹ.

Ibùdó wọn àti iṣẹ́ wọn

Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń bí sẹ́ẹ̀lì másìtì, bíi ti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í dàgbà sínú ẹ̀jẹ̀. Ní kékeré ni ó ti ń lọ sí ibùdó tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbó. Ẹ wo àwọn ibùdó náà: abẹ́ awọ, inú imú, ẹ̀gbẹ́ ojú, ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun. Gbogbo ibi tí ohun òde lè gbà wọ inú ara ni. Ẹnubodè ni a kó wọn sí, wọ́n sì máa ń dúró ti iṣan ẹ̀jẹ̀ àti òpin àwọn ẹ̀sọ tí ń mú ara mọ ìrora àti ìyún. Ẹ̀ṣọ́ tó bá dúró síbẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó fun fèrè.

Nígbà tí ohun kan bá sì mú kí ó fun fèrè, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn hóró inú rẹ̀ yóò tú síta. Hísítámììnì á la ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, omi á ti inú wọn jò sínú ẹran ara, ibẹ̀ á wú, á sì gbóná. Ó kan ẹ̀sọ, ara ń yún. Ó kan iṣan ọ̀nà èémí, ọ̀nà náà fún pọ̀. Ó kan ìfun, inú ń rú, èébì dé. Bí a bá rò ó dáadáa, kò sí ọ̀kan tí kò ní ọgbọ́n nínú. Sísín, ikọ́, omi ojú, èébì, ìgbẹ́ gbuuru: ọ̀nà tí ara ń gbà ti ohun àjèjì síta ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn èyí, sẹ́ẹ̀lì náà á ṣe àwọn èròjà mìíràn lọ́tun, á fi wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun inú ẹ̀jẹ̀ wá. Àwọn yìí máa ń dé lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbá ilé eléruku ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sín tán tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, fi lè jí ní ọ̀gànjọ́ òru pẹ̀lú àyà tí ń hu fée. Ogun kejì ni ó dé sí i.

Ta ni ń sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ọ̀tá nìyí?

Ìbéèrè yìí gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1901, Charles Richet àti Paul Portier, ará Faransé, bá ọkọ̀ ojú omi Ọmọba ìlú Monaco lọ sórí òkun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí oró àwọn ẹran omi tí ń ta ni. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n fún ajá kan ní oró díẹ̀, wọ́n lérò pé díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò fi le sí i. Ajá náà yè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún fún un ní ìwọ̀n kékeré. Kí wákàtí kan tó pé, ajá ti kú. Ohun tí wọ́n rò pé yóò dáàbò bò ó gan-an ló pa á. Wọ́n pe èyí ní anafilásísì ní 1902, Richet sì gba oyè Nobel lórí rẹ̀ ní 1913.

Ìyókù àlàyé náà wá láti ara àwọn oníṣègùn tó fi awọ ara wọn ṣe ìdánwò. Ní 1921, Heinz Küstner, tí kò lè jẹ ẹja, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Carl Prausnitz ní omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Prausnitz gún un sí awọ ikùn ara rẹ̀, ní ọjọ́ kejì ó gún omi ẹja sí ojú ibẹ̀, ibẹ̀ sì wú. Ó hàn gbangba pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ Küstner tí ó ń gbé ìkórìíra ẹja kiri. Ọdún márùnlélógójì kọjá kí tọkọtaya ará Japan kan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Denver ní Amẹ́ríkà, tó ṣàwárí ohun náà ní 1966. Àwọn ará Sweden méjì, Gunnar Johansson àti Hans Bennich, rí i ní ọ̀nà tiwọn ní 1967. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba orúkọ rẹ̀ wọlé ní 1968: IgE.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nígbà àkọ́kọ́ tí ohun àjèjì bá wọlé, ara àwọn ènìyàn kan á ṣe IgE tó mọ ohun náà dá yàtọ̀. IgE yìí kò ní dúró púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á lọ so mọ́ ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì másìtì, á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ohun kan náà bá tún padà wá, yóò di IgE méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mú pọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Dídìpọ̀ yìí ni fèrè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń jiyàn pé, "Mo ti ń jẹ edé tipẹ́, kò lè jẹ́ edé," kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tí kò kan ohun kan rí ni kì í sábà ní irú IgE rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ ẹ́ rí ni à ń sọ.

Ṣé ẹ̀ṣọ́ burúkú ni wọ́n?

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tí irú sẹ́ẹ̀lì báyìí wà lára wa, bí kò bá ṣe nǹkan mìíràn ju kí ó máa dá wa lóró. Ìdáhùn wà. Ọ̀tá tí IgE àti sẹ́ẹ̀lì másìtì mọ̀ jù ni aràn. Aràn tóbi ju ohun tí sẹ́ẹ̀lì funfun lè gbé mì lọ. Èyí tó kù ni kí ìfun máa da omi, kí ó máa fún pọ̀, kí ó lè gbá a síta. Ní 1996, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì fi hàn pé àwọn eku tí a bí láìní sẹ́ẹ̀lì másìtì kì í lè pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun wá ní kíákíá bí kòkòrò àrùn bá wọ inú wọn, wọ́n sì ń kú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2006, ẹgbẹ́ Stephen Galli ní yunifásítì Stanford rí ohun tó yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: sẹ́ẹ̀lì másìtì máa ń gé oró ejò àti oró oyin wẹ́wẹ́, eku tí kò ní wọn sì ń kú níbi tí èyí tó ní wọn ti ń yè. Ẹ má ṣe fi èyí ṣe àwáwí o. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ yíyún chloroquine

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ara yíyún ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò dárúkọ chloroquine, ẹ̀kọ́ wa kò pé. Àwọn tó dàgbà ṣáájú 2005, ọdún tí ìjọba Nàìjíríà pa á tì gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà àkọ́lò tí wọ́n sì gba àwọn oògùn tí a pò mọ́ artemisinin, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó lò ó á máa họ ara láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kò ní rí ojú oorun, bẹ́ẹ̀ awọ rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tuntun, kò sí ibi tó wú. Àwọn kan ń dá oògùn náà dúró lágbedeméjì nítorí ìyún, ibà á sì padà. Gbogbo wa pè é ní álẹ́jì, a sì ń fi Piriton tẹ̀ lé e, èyí tí kì í ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980.

Ìdí tí Piriton kò fi tó hàn ní 2009. Àwọn onímọ̀ rí i pé chloroquine ń kan ilẹ̀kùn kan lára ẹ̀sọ ìyún fúnra rẹ̀, kò gba ọ̀dọ̀ hísítámììnì kọjá. Ní 2015, wọ́n tún rí irú ilẹ̀kùn tó fara jọ ọ́ lára sẹ́ẹ̀lì másìtì: àwọn oògùn kan, ciprofloxacin wà lára wọn, lè gba ibẹ̀ mú kí ó tú láìsí IgE rárá. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìyún ni álẹ́jì, kì í sì í ṣe gbogbo ìtúká sẹ́ẹ̀lì másìtì ni IgE wà nídìí rẹ̀. Dókítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn lórí bọ́ọ̀sì.

Ọmọ ìlú Aleppo tó fi ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ ṣe ìdánwò

Nínú gbogbo àwọn tó bá sẹ́ẹ̀lì yìí jà, ẹni tí a fẹ́ràn jù ni Roger Altounyan. Ní ilẹ̀ Syria ni wọ́n bí i ní 1922, ìdílé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní ìlú Aleppo. Ikọ́ fée sì ń ṣe é. Ó di oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ apoògùn kan. Ilé iṣẹ́ náà ń wádìí èròjà kan tó jáde lára ewéko tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní khella. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń se é mu ní Íjíbítì fún inú rírun àti òkúta inú kíndìnrín. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń fi ẹranko dán oògùn wò, Altounyan sì gbà pé ikọ́ fée ti ẹranko kì í ṣe ti ènìyàn. Ó mọ̀ pé irun ẹran kékeré kan tí wọ́n ń pè ní gini-pígì ń ru ikọ́ òun sókè. Kí ni ó ṣe? Ó fa omi tí wọ́n rẹ irun náà sí símú, ó jẹ́ kí àyà òun fún, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ fa oògùn tuntun símú láti mọ̀ bóyá yóò dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe é báyìí léraléra, oògùn kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ní 1965, ó rí èyí tó ṣiṣẹ́: cromoglycate, tí a wá mọ̀ sí Intal. Kì í ṣe pé ó ń la ọ̀nà èémí. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì másìtì tú àwọn hóró rẹ̀ síta, nítorí náà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni a ń lò ó. Ìyẹ̀fun ni oògùn náà, kò rọrùn láti fà símú. Altounyan, tó ti kọ́ àwọn ènìyàn ní wíwa ọkọ̀ òfúrufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, rántí bí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfúrufú ṣe ń yí, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sínú ohun èlò tí ń fẹ́ ìyẹ̀fun náà wọ àyà. Ó kú ní 1987. Lóde òní, oògùn tó lágbára jù ú lọ ti gba ipò rẹ̀ nínú ìtọ́jú ikọ́ fée, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi irú rẹ̀ kán ojú tó ń yún.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Piriton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í dá ẹ̀ṣọ́ lẹ́kun fèrè, etí ara ni wọ́n ń dí sí hísítámììnì. Wọ́n dára fún ìyún àti imú tí ń dà. Piriton ń kun ni lóorun, ẹ má ṣe lò ó kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò tàbí kí ẹ tó wa ọkọ̀. Loratadine kì í kun ni tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ikọ́ fée, ohun tó ń bí wa nínú jù ni bí a ṣe ń fi inhélà pamọ́. Àwọn ọmọbìnrin wa kan kì í gbé e dání nítorí kí ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà má baà mọ̀. Àwọn ọkùnrin ń sọ pé ó ń mọ́ ènìyàn lára. Irọ́ ni. Oríṣi méjì ni inhélà: èyí tó ń tú iṣan ọ̀nà èémí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bíi Ventolin, àti èyí tí ń pa iná inú ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Láti 2019 ni ìlànà àgbáyé ti sọ pé kí ẹni tó ti dàgbà má gbẹ́kẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́ nìkan, nítorí ìyẹn kò kan ogun kejì tí a sọ lókè. Aáyán, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú eruku ibùsùn, ara ògiri tó hu èébù, èéfín igi àti sìgá, gbogbo wọn ni ọ̀tá ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ máa sá tìmùtìmù sóòrùn, ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn. Ní ti inhélà nínú ààwẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí pé ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́, ẹ bi àáfà yín. Kò sí àríyànjiyàn nínú pé aláìsàn ní àyè láti ṣínu, kí ó sì san án padà.

Ní ti ọmọ kékeré àti ẹ̀pà, ìmọ̀ràn ti yí padà. Nígbà kan, wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ìwádìí kan ní London tí a gbé jáde ní 2015, lórí ọmọ 640 tí ewu álẹ́jì wà fún, fi hàn pé òdìkejì ló dára. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò awọ wọn mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, 13.7 nínú 100 lára àwọn tí kò jẹ ẹ́ ni ó wá ní álẹ́jì ẹ̀pà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Lára àwọn tó ń jẹ ẹ́ láti kékeré, 1.9 péré ni. Ẹ̀pà lílọ̀ ni à ń sọ o. Odidi hóró lè há ọmọ lọ́fun.

Èyí tó kù ni anafilásísì, ibi tí ikú wà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oyin ta ọmọkùnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà tí wọ́n ń ro àyíká ilé kéwú. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ètè rẹ̀ ti wú, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ há, àyà rẹ̀ ń hu fée. Ẹnì kan ní kí a fi epo pupa ra á lára. Ẹlòmíràn ní kí a máa ṣe rúkíyà fún un kí a tó gbé e lọ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tó sún mọ́ wa, níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ gbà wá ti fún un ní Piriton tó ní kí a jókòó dúró de dókítà. Ọmọ náà ń rọ lọ́wọ́ wa. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló jáde láti yàrá kejì, ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gún adrenaline sí itan rẹ̀. Ó tó bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọmọ náà tó la ojú.

Adrenaline ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe Piriton. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti là gbayawu, ó ń la ọ̀nà èémí, ó sì ń dá sẹ́ẹ̀lì másìtì lẹ́kun. Ẹ̀gbẹ́ òde itan ni a ń gún un sí. Bí ẹ bá rí ẹni tí ara rẹ̀ wú tàbí tó ń yún lẹ́yìn oúnjẹ, oògùn tàbí títa oyin, tí èémí rẹ̀ sì há, tàbí tó ń bì, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má dúró wò ó. Ẹ wá ọkọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, àfi bí kò bá lè mí, nígbà náà kí ó jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ó dìde rìn. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, kí ó ṣì dúró sí ilé ìwòsàn fún wákàtí mélòó kan, nítorí ó lè padà.

Ẹni tí penicillin bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni Ampiclox, ampicillin àti amoxicillin jẹ́. Kí ó sọ fún ẹni tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ kí ó tó fa oògùn sínú síríǹjì, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú káàdì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìpàgọ́ ọ̀dọ́ ní àsìkò ìsinmi, ẹ fi ìlà méjì kún fọ́ọ̀mù yín: oúnjẹ wo tàbí oògùn wo ni ara rẹ kò gbà? Ṣé o ń lo inhélà? Kí ẹ sì ti mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibùdó yín tó ní adrenaline, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kó àwọn ọmọ dé.